Ẹ Bi Wá: Ohùn Òsì Ń Jò Sí Ọ̀tún, Báwo La Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n?

Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Lẹ́tà orí ọ̀rọ̀ ohùn tó wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀ díẹ̀, mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀, Èkìtì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wá. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lé lórí jù, torí ẹni tí ìyẹn bá ti yé, àwọn tó kù á rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìkéré ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ańpílífáyà àti míksà ni mò ń tún ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì kan gbé ańpílífáyà wá, wọ́n ní kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n yí sí òsì pátápátá ń dún lábẹ́lẹ̀ nínú sípíkà ọ̀tún. Mo fetí sí i, òótọ́ ni. Mo pààrọ̀ IC (ẹ̀yà dúdú kékeré tó ń ṣiṣẹ́ ohùn nínú ẹ̀), mo pààrọ̀ fólúùmù, kò lọ. Ẹnì kan ní kí n fi laptop wọ̀n ọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà wo ló sì yẹ kó jáde? Oníṣẹ́ rédíò, Ìkéré-Èkìtì.

Ìdáhùn: Bùọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ò ní ṣe àṣedànù. Crosstalk ni wọ́n ń pe nǹkan tí ẹ gbọ́ yẹn, ohùn ẹ̀gbẹ́ kan tó ń jò lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo wa la mọ Ìkògòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé tí wọ́n jọ ń ṣàn lọ, tẹ́ ẹ bá kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ẹ máa mọ̀ pé apá ibí gbóná, apá ibí tutù. Ohun tá a fẹ́ kí òsì àti ọ̀tún ṣe nínú ańpílífáyà nìyẹn, kí wọ́n jọ gbé inú àpótí kan, kí wọ́n jọ máa jẹ iná kan náà, síbẹ̀ kí kálukú dá dúró. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe é láìkù síbì kan o, gbogbo wọn ló ń jò, iye tó ń jò la fẹ́ mọ̀.

Ẹ rán tóònù kan, ká ní 1 kHz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sí òsì nìkan, ẹ má rán nǹkan kan sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá wo iye tóònù yẹn tó yọjú lápá ọ̀tún. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì la ń kọ ní dB (decibel, òṣùwọ̀n tá a fi ń wé ohùn méjì). Tí ẹ bá rí −20 dB, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló jò, −40 jẹ́ ìdá kan nínú 100, −60 jẹ́ ìdá kan nínú 1,000. Lẹ́yìn náà ẹ yí i padà, ẹ rán an sí ọ̀tún kẹ́ ẹ wo òsì, torí pé òsì ò jò sí ọ̀tún ò ní kí ọ̀tún má jò sí òsì, mo ti rí ẹ̀rọ tí apá kan ẹ̀ fi 25 dB dáa ju èkejì lọ.

Ibi tó ti ń dà rú mọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀gbẹ́ tó dákẹ́ yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ fi ẹnu input ẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Input tó ṣí sílẹ̀ ò yàtọ̀ sí eriali, á máa fa ariwo iná, á tún máa fa tóònù láti ara wáyà ẹnìkejì ẹ̀, nọ́ńbà tó máa jáde á burú ju bí ẹ̀rọ náà ṣe rí lọ. Ẹ fi resistor (ẹ̀yà tó ń dí iná lọ́nà) 600 ohm di ẹnu ẹ̀, láti ojú tí ohùn ń gbà wọlé sí ground, ìyẹn ojú tí iná ń gbà padà, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé 600 lẹ fi dì í, torí tẹ́ ẹ bá fi òmíì dì í lọ́jọ́ mìíràn, nọ́ńbà méjèèjì ò ṣeé fi wéra.

Èkejì, ẹ má fi mítà lásán wọ̀n ọ́n. Mítà ò mọ tóònù yàtọ̀ sí ariwo, gbogbo ẹ̀ ló ń kó pọ̀. Tí ọ̀tún bá ń kùn hùn-ùn ní 50 Hz tí kíkùn yẹn jẹ́ −55, mítà á sọ fún yín pé crosstalk jẹ́ −55, bẹ́ẹ̀ ohun tó jò gan-an lè jẹ́ −80. Ẹ lo sọ́fítíwìà tó ń ya ohùn sọ́tọ̀ ní frequency (iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n) kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo orí tóònù yẹn nìkan. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ pa tóònù náà: tí nọ́ńbà ò bá kúrò níbi tó wà, ariwo lẹ ń wọ̀n látẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe jíjò.

Wàyí o, ẹ má dúró sí 1 kHz nìkan, 100 Hz, 1 kHz, 10 kHz, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì mi. Wọ́n gbé ańpílífáyà kan wá, ẹ̀sùn ẹ̀ àti tiyín jọra bí ìbejì. Mo rán tóònù sí òsì mo wo ọ̀tún, ní 100 Hz ó jẹ́ −58, ní 1 kHz −38, ní 10 kHz −18. Ẹ wo bó ṣe ń gòkè, gbogbo ìgbà tí frequency bá di ìlọ́po mẹ́wàá ni jíjò ń fi 20 dB lé sí i. Ẹni tó bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kó má wulẹ̀ fọwọ́ kan IC, ńṣe ló dà bíi pé capacitor kékeré kan, ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí frequency gíga kọjá ju èyí tó rẹlẹ̀ lọ, wà láàárín òsì àti ọ̀tún tí kò sẹ́ni tó fi síbẹ̀, wáyà méjì tó fara ti ara wọn ló sì sábà máa ń fà á. Mo ṣí ìdérí ẹ̀, mo bá a níbẹ̀: wáyà méjì tó ti ẹnu input lọ sí fólúùmù, kò sí shield (àwọ̀n irin tó ń bo wáyà) lára ìkankan, ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ti fi cable tie dì wọ́n pọ̀ gbọọrọ bí ìtí igi ìdáná, bóyá kó lè dùn ún wò. Mo gé gbogbo tie yẹn, mo fi wáyà tó ní shield rọ́pò wọn, mo so shield mọ́ ground lápá kan, mo tún wọ̀n ọ́n, −71 ní 1 kHz. N ò pààrọ̀ IC kankan. Ẹ lọ wo àárín input àti fólúùmù tiyín kẹ́ ẹ tó náwó mìíràn.

Tó bá wá jẹ́ pé iye kan náà ló ń jò ní 100, ní 1 kHz, ní 10 kHz, tẹ́ ẹ sì ti pa tóònù tẹ́ ẹ rí i pé kì í ṣe ariwo, ẹ̀gbẹ́ ground ni kẹ́ ẹ lọ. Òsì àti ọ̀tún ń gba wáyà ground kan náà padà sílé, wáyà yẹn tín-ín-rín jù tàbí ibi tí wọ́n ti jó o ti là, iná òsì ń kọjá níbẹ̀, ọ̀tún sì ń gbọ́ ọ. Ẹ tún un jó, ẹ fún kálukú ní wáyà tiẹ̀ títí dé ojú kan.

Oríṣi kan ṣì wà tí mi ò fẹ́ gbàgbé. Jíjò míì máa ń gba ọ̀nà power supply, ibi tí ẹ̀rọ ti ń rí iná, kọjá, ìdajì ìdajì ni ańpílífáyà class AB (irú tó ń pín ohùn sí ìdajì méjì fún ẹ̀yà méjì) sì ń fa iná lójú okùn iná méjèèjì, nítorí náà ohun tó dé ẹ̀gbẹ́ kejì kì í ṣe tóònù yẹn bó ṣe wà mọ́, ó ti ya. Tí ẹ bá rán 1 kHz, 2 kHz àti 4 kHz náà á máa yọ lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá ń wo orí 1 kHz nìkan ẹ ò ní rí i, etí oníṣọ́ọ̀ṣì á gbọ́ ọ, ẹ̀yin á sì máa jiyàn pé kò sí nǹkan kan. Ẹ máa wo gbogbo àwòrán náà.

Nọ́ńbà tó yẹ? Fún ańpílífáyà ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn, èmi ò kì í gbà á tí kò bá tó −60 ní 1 kHz àti −40 ní 10 kHz lọ sílẹ̀. Tèmi nìyẹn, kì í ṣe òfin. Rẹ́kọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ ayé àtijọ́ ò ju −20 sí −30 lọ, àwọn bàbá wa sì fi gbádùn orin.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nílùú Adó, ańpílífáyà méjìlá la fẹ́ yẹ̀ wò fún project wa. Tí mo bá fọwọ́ wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan mi ò ní parí. Ṣé mo lè kọ nǹkan tí kọ̀ǹpútà á máa ṣe fúnra ẹ̀, kí n kàn máa pààrọ̀ wáyà? Ọmọ Adó.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o lè ṣe é, ó sì dáa kó o ṣe é, kì í ṣe torí kó lè yá nìkan o. Ọwọ́ èèyàn máa ń rẹ̀. Ẹ̀rọ kẹta, o dúró kí tóònù rọlẹ̀ kó o tó kọ nọ́ńbà, ẹ̀rọ kẹsàn-án, oòrùn ti mú ẹ, o ò dúró mọ́, nọ́ńbà kẹta àti kẹsàn-án ò wá ṣeé fi wéra. Kọ̀ǹpútà á dúró iye kan náà nígbà gbogbo.

Nígbà tí Hewlett àti Packard bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1939, ẹ̀rọ tó ń mú tóònù jáde, 200A, ni wọ́n kọ́kọ́ tà, ọwọ́ lèèyàn fi ń yí i láti frequency kan sí òmíì, tí á máa kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́dún 1984 ni wọ́n dá Audio Precision, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n ohùn, sílẹ̀ ní Oregon, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀rọ tiwọn, títí dòní olówó ló ń rà á. Ohun tó bá ìwọ mu ni laptop, sound card USB (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé e jáde) tó ní input méjì, àti REW, sọ́fítíwìà ìwọ̀n ohùn tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí kó o fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ ọ́ fúnra ẹ kí sọ́fítíwìà SoX máa bá ẹ ṣe tóònù. Ọ̀nà tí Angelo Farina láti Ítálì gbé jáde lọ́dún 2000 náà wà, kí tóònù máa gbéra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìdúró, kọ̀ǹpútà á wá ya distortion, ìyẹn yíya tí ẹ̀rọ fi kún ohùn, sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn gan-an nínú rìkọ́dù kan ṣoṣo. Ó yá gan-an, àmọ́ fún crosstalk mo ṣì fẹ́ràn tóònù tó ń dúró ní frequency kọ̀ọ̀kan, ó rọrùn láti yà á kúrò lára ariwo.

Kó o tó so ẹ̀rọ kankan mọ́ ọn, so output sound card mọ́ input ẹ̀ fúnra ẹ̀ kó o wọ̀n ọ́n. Tí sound card fúnra ẹ̀ bá ń jò ní −70, o ò lè fi rí ańpílífáyà tó ń jò ní −85, jíjò sound card lo máa rí. Kọ nọ́ńbà yẹn síwájú ìwé project yín.

Ẹ̀mí sound card ńkọ́? Ańpílífáyà 100 W lórí 8 ohm ń gbé nǹkan bíi 28 V jáde, input sound card ò lè gba ju volt kan tàbí méjì. Fi resistor 33 kilo-ohm àti 1 kilo-ohm dín in kù, ojú 1 kilo-ohm ni kó o ti mú tìẹ, á ku nǹkan bíi 0.83 V. Kó o sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa bóyá bridge ni ańpílífáyà náà, ìyẹn irú tí ohùn ń jáde lẹ́nu méjèèjì sípíkà: tí ẹnu dúdú sípíkà kì í bá ṣe ground, tó o sì so ó mọ́ ground laptop, wàá jó nǹkan. Má lo sípíkà, lo resistor 8 ohm ńlá tó lè gba iná yẹn. Mo rí ẹni tó lo ẹlẹ́mẹ́ǹtì kẹ́tù, kẹ́tù 1500 W lórí iná 240 V jẹ́ bíi 38 ohm, ẹ̀rù tó fún ańpílífáyà yẹn fúyẹ́ jù, gbogbo nọ́ńbà tó rí ló dáa ju òótọ́ lọ. Yọ ṣájà laptop náà, bátìrì ni kó o lò, kíkùn 50 Hz á lọ sílẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí. Mo á jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí tóònù kékeré. Lẹ́yìn náà script, ìyẹn ohun tó o kọ fún kọ̀ǹpútà láti máa tẹ̀ lé, á rán 1 kHz sí òsì, á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá kan, á wò bóyá òsì dé iye volt tó yẹ, ìgbà yẹn ló tó máa ka ọ̀tún, á pa tóònù, á ka ariwo, á lọ sí frequency tó kàn, tó bá parí òsì á mú ọ̀tún. Distortion ló kẹ́yìn torí ó máa ń mú ẹ̀rọ gbóná jù: 1 W, lẹ́yìn náà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí THD (àpapọ̀ distortion, mo ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀) á fi dé ìdá kan nínú 100, ibẹ̀ ló ti gbọ́dọ̀ dúró, kó má lé e kọjá. Gbogbo ẹ̀ á bọ́ sínú fáìlì kan tó ní ọjọ́, nọ́ńbà ẹ̀rọ àti resistor tó o lò.

Àbúrò, jọ̀ọ́, má fo ibi tó ti ń wò bóyá òsì dé iye volt tó yẹ yẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kọ temi mi ò fi sí i. Wáyà òsì yọ, mi ò mọ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta tẹ̀ léra ló gba pass pẹ̀lú crosstalk −95, inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo rí i pé kò sí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kankan tó ń ṣe −95. Kò sí tóònù tó wọlé, kí ló fẹ́ jò? Mo padà sí ilé àwọn tó ni wọ́n, mo tún wọn wọ̀n, ọ̀kan ń jò gan-an. Látìgbà yẹn, tí òsì ò bá dé iye volt, script mi á dúró, á ní kí n lọ wo wáyà.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn akọrin wa l'Ọ́yẹ̀ẹ́. A ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ìwé tó bá a wá ní distortion ẹ̀ jẹ́ 0.01%. Tí orin bá ti gòkè ohùn á máa ya. Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni? Ìyá akọrin, Ọ̀yẹ́-Èkìtì.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, mọ̀mí. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà yẹn jẹ́ òótọ́, kó má sì wúlò fún yín. Tí a bá rán tóònù kan ṣoṣo wọlé, ẹ̀rọ á fi àwọn ọmọ kéékèèké kún un, ìlọ́po méjì ẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀, títí lọ, ìwọ̀nyí la ń kó jọ tá a ń pè ní THD. Ká ní tóònù jẹ́ 1 V, ọmọ kejì 0.003 V, ọmọ kẹta 0.004 V, a ò kàn ní rò wọ́n pọ̀, ìlọ́po kálukú lọ́nà ara ẹ̀ la máa rò pọ̀ ká tó wá gbòǹgbò ẹ̀, á jẹ́ 0.005, ìyẹn 0.5%. Àmọ́ ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni pé níbi wo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Ẹ̀rọ tó ń ṣe 0.01% ní 1 W lè ṣe 10% nígbà tẹ́ ẹ bá yí fólúùmù dópin, torí iná inú ẹ̀ ò tó mọ́, ó ń gé orí ohùn, ohùn tí wọ́n gé lórí ló ń ya létí yín yẹn. Ẹ̀rọ míì sì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ohùn kéré gan-an ló ń ya, níbi tí ohùn ti ń rékọjá láti ìdajì kan sí ìdajì kejì, ìyẹn ò ní hàn nínú ìwé tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ní agbára ńlá nìkan.

Ohùn akọrin ogún ò sì jọ tóònù kan. Ohùn méjì tó bá wọlé papọ̀ á bí òmíì tí ẹnikẹ́ni ò kọ. Wọ́n máa ń fi 19 kHz àti 20 kHz wò ó, tí 1 kHz bá yọ, ẹ̀rọ yẹn ló bí i. Ó wúlò gan-an fún laptop tó ń rìkọ́dù ní 48 kHz, torí kò rí ju ìdajì ẹ̀, 24 kHz, lọ, tẹ́ ẹ bá rán 10 kHz ọmọ kẹta ẹ̀ á wà ní 30 kHz níbi tí kò lè dé, á wá dà bíi pé ẹ̀rọ náà mọ́.

Mọ̀mí, ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín tọ́jú ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ní ibi tí ẹ máa ń yí fólúùmù sí lọ́jọ́ ìsìn, pẹ̀lú iye sípíkà tí ẹ so mọ́ ọn. Tí ẹ bá so sípíkà 8 ohm méjì pọ̀ lójú kan náà, 4 ohm ló ń rí, iná tó ń fà ti di ìlọ́po méjì, ẹ̀rọ míì ò sì lè gbé e. Kẹ́ ẹ tó bínú sí ẹni tó tà á fún yín, ẹ wo ìyẹn ná.

Ìbéèrè: Ṣé fóònù mi lè ṣe gbogbo ẹ̀? Ará Ìjerò.

Ìdáhùn: Fóònù lè mú tóònù jáde dáadáa láti ihò tá a ń ki earphone bọ̀, fáìlì tó ní òsì nìkan, fáìlì tó ní ọ̀tún nìkan. Láti gbà á padà ni kò ti dáa, ihò yẹn ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ń gbà wọlé, ti máìkì ni, o ò lè rí òsì àti ọ̀tún papọ̀. Yá sound card USB lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ fún ọjọ́ kan.